Bí A Ṣe Ń Gbin Kólọ́mbáìnì Aràrá ti Orí Òkè

Ẹni tí ó bá ti gbin ẹ̀fọ́ tàbí ata rí mọ̀ pé ilẹ̀ ọlọ́ràá tí omi ń dúró sí díẹ̀ ni ọ̀gbìn ń fẹ́. Kólọ́mbáìnì aràrá tí ó ti orí òkè gíga wá kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń gbin òdòdó yìí sí ẹ̀yìn ilé mi ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ni òtútù sì fi pa ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí mo ti pàdánù. Omi tí ó dúró sí ìdí wọn nígbà òtútù ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀rá ilẹ̀ ni ó ba àwọn mìíràn jẹ́, tí wọ́n fi ga gàgàrà, tí ọrùn wọn rọ̀, tí wọ́n sì kọ̀ láti yọ òdòdó. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a ó gbé nísàlẹ̀ yìí, láti orí yíyan ọpọ́n títí dé orí gbígba irúgbìn, ẹ óo rí i pé ìbéèrè kan náà ni à ń padà sí: ọ̀nà wo ni omi yóò gbà kúrò ní ìdí rẹ̀?

Òdòdó náà àti ibi tí ó ti wá

Aquilegia ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìdílé òdòdó yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa so orúkọ náà mọ́ ọ̀rọ̀ Látìn tí ó dúró fún idì, nítorí pé òdòdó náà ní ìwo márùn-ún tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn bí èékánná ẹyẹ náà. Kólọ́mbáìnì ní tirẹ̀ wá láti ara ọ̀rọ̀ Látìn tí ó dúró fún àdàbà, nítorí pé bí a bá dorí òdòdó náà kodò, ńṣe ni ó dà bí àdàbà márùn-ún tí wọ́n forí korí létí àwo omi kan. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé idì apẹranjẹ àti àdàbà jẹ́jẹ́ ni wọ́n jọ ń du òdòdó kan ṣoṣo. Inú ìwo wọ̀nyẹn ni omi dídùn tí oyin ń wá máa ń wà. Oyin tí ahọ́n rẹ̀ kò gùn tó láti dé ìsàlẹ̀ kì í sì í bínú lọ. Yóò dá ẹ̀yìn ìwo náà lu, yóò sì gba ibẹ̀ fa ohun tí ó wá mu. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ihò kékeré lẹ́yìn ìwo òdòdó yín, ẹ má ṣe wá oògùn sí i, nítorí kì í ṣe àìsàn.

Ní Yúróòpù, ní Éṣíà àti ní Àríwá Amẹ́ríkà ni ìdílé yìí ti ń hù fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ga nínú wọn a máa hù nínú igbó àti létí odò, ṣùgbọ́n àwọn aràrá tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, àárín àfọ́kù òkúta tí ó ya lulẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òkè ni ilé wọn. Níbẹ̀, òjò dídì a bò wọ́n mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún, wọn a sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó wà lábẹ́ òrùlé, láìsí ẹ̀kán omi tí ń kán sí wọn lórí. Ìgbà tí òjò dídì náà bá yọ́ ni wọ́n ń rí omi mu ní àmutẹ́rùn, omi náà a sì gba àárín òkúta ṣàn lọ lọ́gán. Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tó ohun tí wọ́n ti fojú rí. Ohun tí ó ṣàjèjì sí wọn ni òjò wẹ́ẹ́wẹ́ tí ń rọ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ọdún, tí kò sí ohun tí ó dà bò wọ́n.

Àwọn ará ilé a máa béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òdòdó yìí lè gbilẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Èmi kò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n dán an wò, nítorí pé kólọ́mbáìnì nílò ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ òtútù gidi kí ó tó lè yọ òdòdó, òru ilẹ̀ Yorùbá kò sì tutù tó bẹ́ẹ̀, kódà nígbà ọyẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Bírítéènì tàbí ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí òtútù ti ń mú ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Yíyan èyí tí ó yẹ

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe wà nínú orúkọ. Aquilegia alpina dún bí aràrá orí òkè létí, orí òkè Alps ni ó sì ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè ga ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, èyí tí ó sì pọ̀ nínú irúgbìn tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ yẹn ni ó ti lu mọ́ kólọ́mbáìnì lásán inú ọgbà. Kì í ṣe òdòdó inú ọpọ́n kékeré.

Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀, kí ó mú Aquilegia flabellata ẹ̀yà pumila, tí ó ti ilẹ̀ Japan àti agbègbè rẹ̀ wá. Ó sábà máa ń dúró láàrin sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ewé rẹ̀ nípọn díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ewé tí wọ́n bu eérú sí. Òdòdó rẹ̀ tóbi ju bí a ti lè retí lọ lára ohun kúkúrú bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ aró ni, pẹ̀lú etí funfun. Àwọn ilé ìtajà òdòdó ń ta irú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ bíi ‘Ministar’ àti ‘Cameo’. Ó fara da ilẹ̀ ọgbà lásán ju gbogbo àwọn yòókù lọ, ó sì máa ń jọ ara rẹ̀ nígbà tí a bá gbìn ín láti inú irúgbìn, èyí tí kò wọ́pọ̀ nínú ìdílé tí ń yan àlè káàkiri bí èyí.

Èkejì tí mo fọwọ́ sọ̀yà fún ni Aquilegia bertolonii, tí wọ́n fi orúkọ onímọ̀ ewéko ará Ítálì nì, Antonio Bertoloni, sọ. Àwọn òkè tí ó wà láàrin ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Faransé àti ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Ítálì ni ilé rẹ̀. Àwọ̀ aró tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀mẹta tí ó fẹ́ẹ̀ di dúdú ni òdòdó rẹ̀, gíga rẹ̀ sì wà láàrin sẹ̀ǹtímítà 10 sí 30. Nínú ọgbà tèmi, òun ni ó pẹ́ jù láyé. Aquilegia discolor láti orí àwọn òkè àríwá ilẹ̀ Spéènì kéré ju èyí lọ, aró àti funfun sì ni àwọ̀ rẹ̀.

Láti Amẹ́ríkà ni àwọn mẹ́rin yòókù ti wá. Aquilegia saximontana, tí ìpínlẹ̀ Colorado nìkan ni ó ní, rọrùn díẹ̀. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ Aquilegia caerulea onígíga tí ó ti jẹ́ òdòdó àmì ìpínlẹ̀ náà láti ọdún 1899. Aquilegia laramiensis ti orí òkè Laramie ní Wyoming funfun ràkọ̀ràkọ̀, ó sì máa ń fi orí pamọ́ sáàárín ewé ara rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Aquilegia scopulorum ti Utah àti Nevada lẹ́wà púpọ̀, ìwo rẹ̀ sì gùn, ṣùgbọ́n ọ̀tá omi ìgbà òtútù ni. Ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni Aquilegia jonesii, tí mo fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ìparí, nítorí pé kì í ṣe ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra èyí tí ó ti hù, ẹ yan èyí tí ó kéré tí kò tíì yọ òdòdó. Ẹ dorí ìkòkò náà kodò kí ẹ wo ìdí rẹ̀: bí gbòǹgbò bá ti ń yí ká bí òṣùká, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Ẹ sì ránti pé kò sí èyí tí a ń jẹ nínú ìdílé yìí. Irúgbìn àti gbòǹgbò rẹ̀ ní májèlé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọdé jìnnà sí i.

Ibi tí a ó gbìn ín sí

Ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń tàn dáadáa, tí nǹkan díẹ̀ sì ń ṣíji bò lọ́sàn-án gangan, ni ó dára jù ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àríwá àti ní Scotland, ó lè wà nínú oòrùn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹ má ṣe fi sí abẹ́ igi, nítorí pé omi tí ń kán láti ara ẹ̀ka kì í dáwọ́ dúró kódà lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, ewé tí ó sì wọ́ sílẹ̀ nígbà ìwọ́wé yóò dà bò ó bí ẹní tútù.

Bí ilẹ̀ ọgbà yín bá jẹ́ amọ̀, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má ṣe gbẹ́ kòtò sínú rẹ̀ kí ẹ wá fi òkúta kún un. Mo ti ṣe èyí rí. Kànga ni mo gbẹ́: gbogbo omi àyíká ni ó wá wọ́ jọ sínú rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ilẹ̀ sókè bí ìgbà tí a bá ń kọ ebè. Ẹ to òkúta tàbí bíríkì yí ká títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ sì fi ilẹ̀ tí a ó pò kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò ní àyè, tàbí tí ó ń gbé ilé àyágbé tí ó lè kó kúrò lọ́la, ọpọ́n ni kí ó lò.

Ọpọ́n náà

Láyé àtijọ́, ọpọ́n òkúta tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń fún ẹran lómi ni àwọn olólùfẹ́ òdòdó orí òkè máa ń rà nígbà tí àwọn àgbẹ̀ náà kò nílò rẹ̀ mọ́. Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á báyìí. Ó ṣeé ṣe láti mọ irú rẹ̀ fúnra ẹni, iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan sì ni.

Ẹ wá páálí méjì tí ọ̀kan lè wọ inú èkejì, kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 sì wà láàrin wọn ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ po sìmẹ́ǹtì apá kan mọ́ iyanrìn apá kan àti èèpo àgbọn lílọ̀ apá méjì, kí ẹ máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lè dúró nínú àtẹ́lẹwọ́ láìkán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé sìmẹ́ǹtì ń jẹ awọ. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ páálí ńlá títí yóò fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ sì ki igi mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìka ọwọ́, bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, kí ihò omi lè wà. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé páálí kékeré lé e, kí ẹ fi iyanrìn kún inú rẹ̀ kí ó má baà wó, kí ẹ sì máa ki àpòpọ̀ náà sí àlàfo ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ọ̀rá bò ó. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ fa páálí ya kúrò kí ẹ sì ha ara rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì wáyà kí ó lè jọ òkúta, lẹ́yìn náà kí ẹ tún dá ọ̀rá bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ wá gbé e sínú òjò fún oṣù kan ó kéré tán kí agbára sìmẹ́ǹtì náà lè ṣàn jáde, kí ẹ tó gbin ohunkóhun sínú rẹ̀.

Ohun tí kò ṣeé fojú fò ni jíjìn inú rẹ̀. Òdòdó yìí kúrú lókè, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ní ọ̀kan àgbà tí ó ń lọ tààrà sísàlẹ̀ bí èèkàn. Inú ọpọ́n tí kò bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kò lè pẹ́ níbẹ̀. 25 ni mo máa ń lò. Ẹ gbé ọpọ́n náà lé bíríkì kí ìdí rẹ̀ má baà kan ilẹ̀, kí ẹ sì fi àwọ̀n wáyà bo ihò omi.

Pípo ilẹ̀

Ilẹ̀dú apá kan, ewé tí ó ti jẹrà dáadáa tí a sì jọ̀ apá kan, òkúta wẹ́wẹ́ apá méjì: èyí ni mo ń lò. Ẹni tí kò ní ilẹ̀dú lè ra ilẹ̀ inú àpò tí wọ́n ń pè ní John Innes nọ́ńbà 2. Òkúta wẹ́wẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 6 lọ, kò sì gbọdọ̀ kúnná ju mìlímítà 3. Ẹ yẹra fún iyanrìn kíkúnná tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri, nítorí pé kàkà kí ó la ọ̀nà fún omi, ńṣe ni ó ń dí i. Ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan níbí.

Láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà ti dára, ẹ ta omi sí i, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ sì fún un. Bí ẹ bá ya ọwọ́ tí ó sì dúró gírígírí bí òkèlè ẹ̀bà, òkúta rẹ̀ kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ tú ká lọ́wọ́ yín fúnra rẹ̀.

Gbígbin irúgbìn

Kò sí ọ̀nà tí ó dára tó kí ènìyàn gbìn ín láti inú irúgbìn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aràrá yìí kì í sí lórí àtẹ ọjà. Alpine Garden Society tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bírítéènì ní ọdún 1929, Scottish Rock Garden Club ti ọdún 1933, àti North American Rock Garden Society ti ọdún 1934 ní ètò tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń pín irúgbìn láàrin ara wọn lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú tèmi ti wá.

Irúgbìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ojú ẹyẹ. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ a máa hù kíákíá bí a bá gbìn ín lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ó ti gbẹ fún oṣù díẹ̀ a máa sùn, òtútù ni yóò sì jí i. Ẹ fi ilẹ̀ kan náà tí a pò lẹ́ẹ̀kan kún ìkòkò kékeré, kí ẹ wọ́n irúgbìn náà sójú rẹ̀ láìsún wọn mọ́ra, kí ẹ sì fi òkúta wẹ́wẹ́ tí ó kúnná jù bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ mọ́ ọn. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú omi títí ojú rẹ̀ yóò fi tutù, nítorí pé bí ẹ bá dà á láti òkè, ìrugùdù omi yóò kó irúgbìn náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e síta ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, ní ibi tí ológbò kò ti ní hú u jáde, kí ìrì dídì sì máa sẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá pẹ́ rí irúgbìn gbà lè lo fíríìjì: kí ó di ìkòkò náà sínú ọ̀rá kí ó sì gbé e síbi tí ó tutù tó bí 4°C fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kì í ṣe ibi tí ẹran ti ń dì. Láàrin oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ óo rí ewé kékeré méjì tí yóò yọ, lẹ́yìn náà ewé gidi tí a là sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ohunkóhun kò bá yọ, ẹ má ṣe dà á nù. Ìkòkò kan wà tí mo pa tì sẹ́yìn ilé, ọdún kejì ni mẹ́fà hù níbẹ̀.

Lílọ́ rẹ̀

Níwọ̀n bí gbòǹgbò àgbà yẹn ti ń tètè sáré lọ sísàlẹ̀, kò fẹ́ kí a máa lọ́ òun láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ lọ́ ọ nígbà tí ó bá ní ewé gidi méjì, kí ẹ tó pẹ́ jù. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wú u tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí ẹ di ewé mú, kí ẹ má ṣe di ọrùn rẹ̀ mú, kí ẹ sì gbìn ín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò tí ó jìn. Ẹ fi í síbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, tàbí ní oṣù kẹrin ọdún tí ó tẹ̀lé e, ẹ gbé e lọ sí ibi tí yóò gbé títí láé, kí ẹ má sì tún fọwọ́ kàn án mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín, ẹ jẹ́ kí ibi tí ewé ti ń yọ ga díẹ̀ ju ojú ilẹ̀ lọ, kí ẹ wá fi òkúta wẹ́wẹ́ bo àyíká rẹ̀ títí dé abẹ́ ewé, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Òkúta yìí ni ó ń jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ gbẹ, òun ni ó sì ń dí koríko lọ́wọ́. Ó dára bí a bá ri òkúta ńlá méjì mọ́lẹ̀ kí òdòdó náà lè wà ní àárín wọn, kí gbòǹgbò rẹ̀ máa wá ibi tútù lábẹ́ òkúta lọ.

Omi, oúnjẹ àti ìgbà òtútù

Láti oṣù kẹta títí yóò fi yọ òdòdó tán, tí ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá. Ìgbà yìí ni òjò dídì ń yọ́ ní ilé rẹ̀. Ẹ fi omi mu ún dáadáa kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣàn jáde nísàlẹ̀ ọpọ́n, kí ẹ má wá tún fún un títí sẹ̀ǹtímítà méjì àkọ́kọ́ yóò fi gbẹ. Láti oṣù keje, ẹ dín in kù. Ní ti oúnjẹ, oúnjẹ olómi tí wọ́n ń fún tòmátì, tí a fi omi là sí ìdajì agbára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù kẹrin, ti tó fún èyí tí ó wà nínú ọpọ́n. Èyí tí ó wà ní ilẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Nígbà tí òtútù bá dé, ewé rẹ̀ yóò kú tán, ó sì lè jẹ́ pé kò ní sí ohun tí a ó rí lókè ju èékù dúdú kan lọ. Ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tú gbogbo ọpọ́n tirẹ̀ dà nù ní oṣù kìíní, ó ní wọ́n ti kú. Wọn kò kú. Nítorí èyí ni mo ṣe ń fi àmì sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù kọkànlá, ẹ gbé awẹ́ gíláàsì kan lé orí bíríkì mẹ́rin sókè ọpọ́n náà, kí òjò má baà pa á, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Ẹ fi òkúta tẹ gíláàsì náà kí ìjì má baà gbé e. Ẹ má ṣe gbé òdòdó yìí wọ inú ilé nítorí àánú. Ooru yàrá yóò gba òtútù tí ó ń fi múra òdòdó sílẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta, ẹ ṣí gíláàsì kúrò kí òjò ìgbà ìrúwé lè rọ̀ sí i.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀

Ìdin kòkòrò dúdú kan tí kì í fò, tí ń jẹ etí ewé lóru, ni mo kórìíra jù. Ìdin náà funfun, orí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, inú ilẹ̀ ni ó sì ń gbé tí ó ń jẹ gbòǹgbò, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ewé bá rọ ni ẹ óo fọwọ́ kàn án tí yóò ṣí sí yín lọ́wọ́. Aràn tín-ín-tìn-ín kan wà tí a ń rà, tí a ń pò mọ́ omi tí a sì ń dà sí ìkòkò ní ìparí oṣù kẹjọ tàbí nínú oṣù kẹsàn-án, kí ilẹ̀ tó tutù; òun ni ó ń wọ inú ìdin náà lọ pa á. Ìdin aláwọ̀ ewé kan tún wà tí ó lè jẹ ewé tán láàrin ọjọ́ mélòó kan láti oṣù kẹrin lọ, títí tí yóò fi ku egungun ewé nìkan. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣa á. Ìlà funfun tí ó rìn kọ́lọkọ̀lọ lójú ewé, iṣẹ́ ìdin mìíràn ni, ojú nìkan ni ó ń bàjẹ́. Ìgbín tí kò ní karawun fẹ́ràn ọ̀gbìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ju ohun gbogbo lọ.

Èyí tí ó léwu jù ni àrùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Bírítéènì ní ọdún 2013. Ewé yóò ká kò, ojú rẹ̀ yóò ní àbààwọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì hu nǹkan funfun bí òwú. Kò sí ìwòsàn rẹ̀ fún oníọgbà lásán. Ẹ fa irú rẹ̀ tu, kí ẹ di í sínú ọ̀rá kí ẹ sì dà á nù pẹ̀lú pàǹtí ilé, kí ẹ má ṣe jù ú sórí ààtàn tí ẹ óo padà kó sínú ọgbà, kí ẹ má sì gbin kólọ́mbáìnì mìíràn sí ojú ibẹ̀. Nítorí àrùn yìí ni mo ṣe fẹ́ràn irúgbìn ju ọ̀gbìn tí ó ti hù láti ibòmíràn lọ.

Gbígba irúgbìn

Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò láyé, nítorí náà ẹni tí kò bá gba irúgbìn yóò máa rà títí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oyin tí ó ti ara kólọ́mbáìnì onígíga aládùúgbò yín bọ̀ kò mọ ààlà, gbogbo ìdílé yìí ni ó sì lè gba ara wọn lóyún. Bí ẹ bá gba irúgbìn lásán, ọdún kejì ni ẹ óo rí ọmọ tí ó ga dé orókún nínú ọpọ́n aràrá. Kí òdòdó tó là, ẹ fi àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá bò ó. Nígbà tí ó bá là, ẹ ṣí i, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kó àtíkè inú òdòdó kan sí èkejì fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì tún máa bò ó padà títí èso rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí wú. Èso náà a máa kọjú sókè, ní apò márùn-ún tí wọ́n so pọ̀. Bí ó bá ti di àwọ̀ igi tí orí rẹ̀ sì là, ẹ gé e, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò sínú àpò ìwé. Ẹ gbin ìdajì lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi ìdajì yòókù pa mọ́ sínú fíríìjì.

Jonesii

Ní ọdún 1873 ni onímọ̀ ewéko nì, Charles Parry, rí òdòdó yìí nígbà ìrìn-àjò ìwádìí tí Captain William Jones ṣe olórí rẹ̀ ní Wyoming, ó sì fi orúkọ ọ̀gá náà sọ ọ́. Orí òkúta ẹfun ní Wyoming, Montana àti Alberta ni ó ń gbé. Gíga rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ, ewé rẹ̀ funjọ pọ̀ bí tìmùtìmù eléérú, òdòdó kan ṣoṣo aláwọ̀ aró a sì yọ lórí igi kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ẹ̀ tóbi ju gbogbo ara tí ó gbé e lọ. Àwọn tí ó ti fi gbogbo ayé wọn gbin òdòdó orí òkè ṣì ń bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ òdòdó.

Mẹ́ta kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ilẹ̀ tí mo pò fún àwọn yòókù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gba ọ̀nà tufa, òkúta fúfúyẹ́ tí omi ìsun tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣẹ̀dá, tí ó kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí kàn-ìn-kàn-ìn. Ẹ fi ẹ̀rọ dá ihò lu sí i ní ìdagun, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3 kí ó sì jìn tó 10. Ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò ọ̀gbìn tí ó ní ewé gidi méjì, kí ẹ rọra sọ ọ́ sínú ihò náà, kí ẹ sì fi lẹ́búlẹ́bú tufa àti iyanrìn díẹ̀ dí i. Ẹ ri ìdá kan nínú mẹ́ta òkúta náà sínú iyanrìn inú ọpọ́n, iyanrìn náà sì ni kí ẹ máa bomi rin; òkúta yóò fa ìwọ̀n tí ó tó sókè fúnra rẹ̀. Gíláàsì kò gbọdọ̀ kúrò lórí èyí láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta. Tèmi ti lo ọdún mẹ́rin nínú òkúta rẹ̀ báyìí, ó ti fẹ̀ tó ojú owó páǹdì méjì, kò sì tíì yọ òdòdó kankan.